Ìbéèrè Yín: Porsche 944 Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Porsche 944 ọdún 1986 mi ti wà nílẹ̀ láti ọdún 3 ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ṣé mo lè wà á lọ sí Ìbàdàn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀. Rọ́bà ni timing belt (bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí kó sì pa ní àsìkò), ó ń gbó bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn. Bó bá já, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì náà pẹ̀lú rólà rẹ̀ àti bẹ́líìtì kékeré ti balance shaft (ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù). Ẹ fa bẹntiróòlù àtijọ́ dànù. Òróró bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Táyà ńkọ́? Bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá jẹ́ 1214, ọ̀sẹ̀ 12 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ó ti gbó jù; kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì jinlẹ̀, ẹ má gbé e sọ́nà.