Ère tí kò lọ́wọ́ ní Puri: ẹ má pè é ní iṣẹ́ àṣetì

Ọmọ kan béèrè ìdí tí àwọn ère inú tẹ́ńpìlì Jagannath, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní ìlú Puri, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, kò fi ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹnì kan dá a lóhùn pé àwọn ológun tó kọlu ibẹ̀ láyé àtijọ́ ló gé wọn. Ẹlòmíràn ní àwọn tó gbẹ́ wọn ni kò mọ iṣẹ́. Inú bí mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu.

Igi ni àwọn ère yẹn, igi dongoyárò gan-an, èyí tí ìyá àgbà wa ń já ewé rẹ̀ sínú ìkòkò àgbo ibà. Igi máa ń gbó. Tó bá ti pẹ́ tó, wọ́n á wá igi tuntun, wọ́n á gbẹ́ ère mìíràn, wọ́n á sì sin ti àtijọ́ bí òkú. Wọ́n ṣe é ní 1996, wọ́n tún ṣe é ní 2015. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló gé wọn lọ́wọ́, ta ló ní kí wọ́n má fi ọwọ́ sí tuntun?

Ti àìmọṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ agbẹ́gilére ni mí. Ère tí iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀, ojú ọ̀bẹ ṣì máa ń hàn níbẹ̀. Ti Puri dán. Wọ́n fi aṣọ wé igi náà, wọ́n kun Jagannath ní dúdú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Balabhadra ní funfun, àbúrò wọn obìnrin Subhadra ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ tún wo ilé tí wọ́n wà, èyí tí ọba Anantavarman Chodaganga bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Òkúta ni wọ́n tò lérí ara wọn títí ó fi ga tó nǹkan bí 65 mítà. Ó lọ sókè gbọọrọ, kó tó wá tẹ̀ sínú lókè pátápátá. Àgbá kẹ̀kẹ́ onírin wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan sì ń gun ibẹ̀ láìso okùn mọ́ra, láti pààrọ̀ àsíá.

Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni ti ìlẹ̀kùn. Ọba Indradyumna gba gbẹ́nàgbẹ́nà arúgbó kan láti fi igi tí òkun gbé wá gbẹ́ ère. Bàbá náà ní kí wọ́n ti òun mọ́lé fún ọjọ́ 21, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Olorì Gundicha kò gbọ́ ìró iṣẹ́ mọ́, ara rẹ̀ kò gbà á, wọ́n ṣí i. Bàbá ti pòórá, ère mẹ́ta ló kù, kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀.

Wọ́n á dúró síbẹ̀. Wọn kì í sọ ti wóró músítádì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kó tó kan igi òkun, òrìṣà tí a wá mọ̀ sí Jagannath yìí, Nila Madhava ni wọ́n ń pè é, inú igbó ló wà, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Sabara. Olórí wọn, Vishvavasu, ló ń bọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ọba rán àlùfáà kan, Vidyapati, láti wá a rí. Ó fẹ́ Lalita, ọmọ Vishvavasu, ó sì ń bẹ àna rẹ̀ títí wọ́n fi di í lójú, tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ òrìṣà náà. Ó ń ju wóró músítádì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Òjò rọ̀, irúgbìn hù, ọ̀nà yọ. Ọba débẹ̀, òrìṣà ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ààfin tú àṣírí tí wọ́n ní kí wọ́n má tú. Lójú tèmi, ọwọ́ tí kò sí yẹn ni àpá ẹ̀ṣẹ̀ náà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe ètùtù nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ère: àwọn Daitapati, tí wọ́n sọ pé ìran Vishvavasu ni wọ́n. Àwọn ló ń wá igi. Àwọn ló ń ṣọ̀fọ̀ ère àtijọ́ bí ẹni pé bàbá wọn ló kú. Ohun àṣírí tó wà nínú ikùn ère, àgbà láàárín wọn ló ń gbé e bọ́ sínú tuntun lóru. Wọ́n á di í lójú, wọ́n á fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀, kó má baà rí i, kó má baà mọ bó ṣe rí lára. Aṣọ tí wọ́n fi di Vidyapati lójú nínú igbó ni mo máa ń rántí.

Ohun tó dùn mí ni pé a ti ń fi àwòrán orí fóònù ṣe àgbà. Ẹnìkan wo fọ́tò ère fún ìṣẹ́jú kan, ó ti mọ ẹni tó gé e lọ́wọ́. Kò béèrè igi wo ni, kò béèrè ẹni tó ń sin ín.

Ẹ sọ fún ọmọ náà kó wo ojú ère Jagannath dáadáa. Yíká ńlá ni wọ́n kùn ún, kò sí ìpéǹpéjú níbẹ̀ rárá.