Ṣé wọ́n á kó owó Upward Bound fún mi?

Ìbéèrè: Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú ní Houston níbí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹsàn-án. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé ìjọba ní owó kan fún ọmọ mẹ̀kúnnù láti fi múra yunifásítì, pé Upward Bound ló ń jẹ́. Báwo ni mo ṣe máa gbà á? NCE ni mo ní, OND sì ni bàbá rẹ̀ ní.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni yẹn ò parọ́, àmọ́ owó náà kì í dé ọwọ́ òbí. Yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àtàwọn àjọ kan ni ìjọba àpapọ̀ ń kó o fún, àwọn ló sì ń fi kọ́ ọmọ. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1964 ló bí i. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìwé kíkọ. Nígbà ọlidé gígùn, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń lọ gbé inú ọgbà yunifásítì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òfin gbà kí wọ́n fún ọmọ ní owó ìpanu, tí kò ju 40 dọ́là lóṣù lọ, tàbí 60 nígbà ọlidé yẹn. Kí la fẹ́ fi ìyẹn rà?

Ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé ló ń lé àwọn èèyàn wa sá. Wọ́n á wo gbogbo owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù. Kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń wò. Èyí tó kù lẹ́yìn gbogbo àyọkúrò ni, tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí: ìlà 15 lórí fọ́ọ̀mù 1040 ti èṣí. Kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po kan ààbọ̀ ìwọ̀n òṣì tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún iye ẹni tó wà nílé yín. Bó bá tiẹ̀ jù ú lọ, ẹ má tíì padà sẹ́yìn. NCE àti OND kì í ṣe dìgírì, ọmọ yín á sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbà á nílé yín. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ ní ìdí méjèèjì: owó tí kò pọ̀ àti òbí tí kò ní dìgírì. Ìdí kan ṣoṣo lè gba ọmọ wọlé sínú ìdá tó kù.

Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí àyè kì í pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀. Bí ilé ìwé rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè Talent Search tàbí GEAR UP, ètò ìjọba méjì míì tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti múra yunifásítì. Ẹ mú ìwé owó orí dání, àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni ọmọ yín, tàbí green card rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, olè ni.

Pell Grant tí wọ́n fi ń sanwó yunifásítì gan-an, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó di kíláàsì kejìlá kẹ́ ẹ tó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè fún un.