Ọ̀rẹ́ màmá mi ló fẹ́ se oúnjẹ ìgbéyàwó mi, mi ò dẹ̀ mọ bí mo ṣe máa ní ká kọ àdéhùn wa sílẹ̀

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ṣàgámù ni ọkọ mi. Mo fún ẹnì kan tí mo rí lórí Instagram ní ₦350,000 nínú ₦500,000 kó bá wa ṣe dẹkọréṣọ̀n, ó ti wá ń sọ báyìí pé ọjà ti wọ́n, kí n fi ₦200,000 kún un, kì í dẹ̀ gbé fóònù mi mọ́. Èyí tó tún wá burú ni pé màmá mi ti gbé iṣẹ́ oúnjẹ fún ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n jọ wà nínú regbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kan náà. Wọ́n ti gba àsansílẹ̀, kò sí rìsíìtì, a ò sọ iye èèyàn, a ò sọ iye ẹran. Mo ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, màmá mi ní ṣé mo fẹ́ dójú ti àwọn ni. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Èmi Ìyàwó Oṣù Kejìlá."

Ìyàwó wa, kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí.

Má bínú sí mi, àmọ́ ẹni Instagram yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà ẹ. Àjèjì nìyẹn, o lè bá a fà á débi tó bá dé. Ọ̀rẹ́ màmá ni iṣẹ́ ńlá, torí ẹni tójú ń tì wá láti bi ní ìbéèrè ló máa ń kó wa sí wàhálà lọ́jọ́ ìnáwó, kì í dẹ̀ ṣe pé oníwà burúkú ni wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan tó fẹ́ fún wọn ni, àwọn náà wá ṣe é bó ṣe yé wọn.

Jẹ́ ká yára kúrò lórí dẹkọréṣọ̀n. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, àdéhùn nìyẹn, bí kò tiẹ̀ sí lọ́yà níbẹ̀. Lọ screenshot gbogbo ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì rẹ́, iye tó pè, ọjọ́ tó o sanwó, orúkọ tó wà lórí akáǹtì tó o sanwó sí (ṣé orúkọ ẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíì? ìyẹn náà ń sọ nǹkan fún ẹ). Lẹ́yìn náà kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan péré sí i, láìsí èébú: ₦500,000 la jọ sọ, mo ti san ₦350,000, ṣé wàá ṣe é ní iye yẹn? Tó ò bá ní ṣe é, fi ohun tó o ti rà hàn mí, kó o dá ìyókù padà, mo ń retí ẹ di ọjọ́ báyìí. Ọjà wọ́n lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ torí kó lè tètè ra nǹkan sílẹ̀ kó tó wọ́n la ṣe ń san àsansílẹ̀, kò lè gba owó ńlá sọ́wọ́ lọ́jọ́ sí kó tún wá máa ké ọjà wọ́n sí ẹ létí.

Tó bá kọ̀, òfin ààbò oníbàárà ti 2018, òfin tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀, gbà kí oníbàárà fagi lé nǹkan tó ti búùkù. Ẹni tó gbowó lè yọ iye tó bójú mu lára ẹ̀, kò lè gbé gbogbo ẹ̀ mì. FCCPC yẹn náà lo lè fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ọkọ ẹ má mú ọlọ́pàá tàbí ṣójà lọ bá a. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán, owó tẹ́ ẹ dẹ̀ máa ná ní tésàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tẹ́ ẹ ń wá. Àyàfi tó bá jẹ́ jìbìtì ni, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù, tí orúkọ ò bára mu, tí wọ́n ti ń wá a káàkiri, ìyẹn ti di ọ̀ràn míì.

Ẹni tó o bá máa háyà dípò ẹ̀, má fún un ju ìdajì lọ, ìyókù di ìgbà tó bá ti kó ẹrù wọ họ́ọ̀lù. Jọ̀ọ́, má fi fọ́tò yàn án, fọ́tò oní fọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé sórí ẹ̀rọ. Ìjẹ̀bú-Òde yìí tí kì í sí Sátidé tí a kì í jó, kí lo ń fi fọ́tò ṣe? Lọ sí họ́ọ̀lù kan ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé kó o wo ẹni tó ti ṣe tán tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ṣì wà lórí àkàbà tó ń so aṣọ mọ́ ògiri. Kó o dẹ̀ bi mánéjà họ́ọ̀lù, òun ló mọ ẹni tó máa ń pẹ́ dé àti ẹni tó máa ń ba ògiri jẹ́ tí wọ́n fi ń yọ owó ẹ̀ lára owó ìdúró tí ẹni tó ń ṣe ìnáwó san.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ màmá. Bi màmá ẹ ní ìbéèrè kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí inú wọn bá dùn: Màmá, lọ́jọ́ náà, ṣé Ìyá Alásè máa wọ aṣọ ẹgbẹ́?

Torí regbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn máa wọlé, gbogbo wa la dẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, léèsì kan náà, gèlè kan náà, onílù níwájú, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìlà yẹn kọjá òun. Nígbà tí wọ́n bá ń jó wọlé, níbo ni Ìyá Alásè wà? Tí wọ́n bá wà lórí ìlà, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló wà nídìí kúlà, ìgbà yẹn gan-an ni ẹran máa ń dàgbà tó máa ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ. Tí wọ́n bá wà nídìí kúlà, tí ẹgbẹ́ wọn jó wọlé láìsí wọn, màmá ẹ á gbọ́ ọ títí Ojúde Ọba ọdún tó ń bọ̀. Jẹ́ kí màmá fúnra wọn rò ó, má bá wọn dáhùn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé kí ọ̀rẹ́ àwọn wá jókòó kí wọ́n gbádùn, kí wọ́n bá yín yan alásè míì, kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ ẹ̀ wò ṣáájú, kí wọ́n jẹ́ ọ̀gá lórí ẹ̀. Àpọ́nlé nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ lé wọn.

Tí màmá bá yarí pé ọ̀rẹ́ àwọn náà ló máa sè é, ó tán, má jà. Má sọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn mọ́ rárá. Lísìtì ọjà ni kó o sọ. Mi ò tíì rí ìyá Ìjẹ̀bú tó máa bínú sí lísìtì ọjà. Ní kí Ìyá Alásè pe lísìtì, kó o máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ̀yin ẹ lọ rà á ní Òkè-Ajé fúnra yín, ẹ wá san owó iṣẹ́ nìkan fún wọn, kí àsansílẹ̀ tí wọ́n ti gbà wọ inú owó iṣẹ́ yẹn. Iye èèyàn á wà lórí lísìtì yẹn, torí wọn ò lè pe àpò ìrẹsì láìmọ iye ẹnu. Kọ iye màlúù, iye kúlà, iye abọ́, kó o dẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù ilé ló ń bọ̀. Fi lísìtì yẹn ránṣẹ́ sí fóònù wọn, "Ẹ ṣé màmá, èyí la jọ sọ." Ó ti di ìwé nìyẹn, kò dẹ̀ sẹ́ni tójú tì.

Kó o fi àǹtí yín kan ti kúlà. Ẹ̀yin náà ní i, èyí tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í jó, tó máa ń ka abọ́. Òun ni. Nípa ìkọ́kọrẹ́, torí ẹ ò ní ṣe ìnáwó láìsí i, ẹ gbé ewùrà lọ fún Ìyá Alásè ṣáájú kí wọ́n sè é kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ alásè tó mọ ìrẹsì sè dáadáa ni ò mọ̀ ọ́n sè, iwájú àwọn àna láti Rẹ́mọ kọ́ ló yẹ ká ti mọ̀.

O ò bèèrè ọ̀rọ̀ alága o, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ máa háyà wọn. Owó tí alága ń gbà lọ́wọ́ ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, owó dọ̀bálẹ̀, owó ṣílẹ̀kùn àti gbogbo ìyókù ẹ̀, ta ló ni ín? Àwọn alága míì máa kó gbogbo ẹ̀ lọ, òmíì máa ń pín in pẹ̀lú ìdílé, òmíì ti kà á mọ́ owó iṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jà lórí ẹ̀ níwájú àna. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé máìkì. Ẹni tó bá dẹ̀ ní òun máa kó owó tuntun wá tà níbẹ̀, ẹ lé e, òfin CBN ti 2007 ka títà á àti níná an lórí oníjó sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ oṣù Kejìlá, wo ọjọ́ tí ìjọ Rìdíìmù máa ṣe ìpàdé ńlá wọn ní Mówe, lójú èkísípíréèsì Èkó sí Ìbàdàn. Tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé kéèkì tàbí kámẹ́rà bọ̀ láti Èkó ní Fúráìdé máa sun sí èkísípíréèsì. Jẹ́ kí wọ́n wọ Ìjẹ̀bú ní Tọ́sídé, kó o dẹ̀ sọ ẹni tó máa sanwó ibi tí wọ́n máa sùn kó má di ìjà àárọ̀ ìgbéyàwó.

Ọkọ ẹ tó ní kó o fi wọ́n sílẹ̀, fún òun náà níṣẹ́. Òun ni kó máa pe oní-dẹkọréṣọ̀n, ohùn ọkùnrin máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù, kó burú kó dára. Lẹ́yìn náà kó lọ jókòó ti màmá ẹ̀ ní Ṣàgámù kó bi wọ́n, èèyàn mélòó ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, kó má gba "a ò ní pọ̀" lẹ́nu wọn o, iye gan-an ni kó mú wá, kẹ́ ẹ tó kọ lísìtì ọjà.