Oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló máa tán an o

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá Ìbejì o. Ẹ ní PCV wọn (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) já láti 42 sí 29 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń lo sofosbuvir pẹ̀lú ribavirin, oògùn àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ribavirin yẹn ni, ojú mi rí i.

Nígbà tèmi, sofosbuvir ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ interferon lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ribavirin lójoojúmọ́ ni, ọ̀sẹ̀ 48 gbáko. Ọ̀sẹ̀ kẹrin báyìí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Kubwa mọ́, òkè kejì péré o, màá jókòó ságbedeméjì, màá máa tẹ fóònù bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà káwọn ará ilé má bàa bèèrè, àyà mi á máa lù kìkìkì, etí á máa hó, tí n bá dìde òòyì á tún kọ́ mi. Ọmọ mi kékeré ló ń bá mi gbé búrẹ́dì gòkè. Dókítà tí mo lọ bá ò tiẹ̀ wo káàdì mi, ó ní wàhálà iṣẹ́ ni, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìgò mẹ́rin ni mo mu! Ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, PCV ṣì ń lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló là mí lójú pé irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló tán lára mi, ribavirin ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, irin àpọ̀jù gan-an ẹ̀dọ̀ ò fẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n gé ribavirin láti 1000 mg sí 600 mg lójúmọ́ ni mo tó ń mí délẹ̀.

PCV 29 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Hb (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) 9.7. Tó bá ti wọ abẹ́ 10 wọ́n máa ń dín ribavirin kù, abẹ́ 8.5 wọ́n á dá a dúró. Ẹni tó lárùn ọkàn, wọn kì í dúró dìgbà yẹn rárá. Ẹ má fọwọ́ ara yín gé e ṣá, sofosbuvir ní tiẹ̀ ò ṣe é dín. Ẹ padà lọ lọ́la, tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré ẹ jókòó síbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ ló ń lo ribavirin, ẹ má lóyún, títí ó kéré tán oṣù 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ẹ̀, ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹnì kankan ò sọ fún ìyàwó mi nígbà yẹn, inú páálí oògùn la ti kà á. Ẹni tó bá jẹ́ SS ò gbọdọ̀ lò ó rárá. Ibà bá mú wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń kiri lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Kílò mélòó ni bàbá? Tí wọn ò bá tó 75, ribavirin 1000 mg lójúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa lò, kì í ṣe 1200. Ẹ wo ara páálí yẹn.