Ẹ Bi Wá: Ilé-Iṣẹ́ Kékeré Tó Ń Kọ́lé Tà, Tó sì Fẹ́ Kí Ilé Náà Dára

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lóṣù yìí nínú àwọn tó wọlé lórí iṣẹ́ kíkọ́ ilé tà láàárín ìlú. Àwọn tó kọ wọ́n kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n, tí wọ́n ń kọ́ ojúlé mélòó kan lórí ilẹ̀ tóóró, tí wọn kò sì fẹ́ kí ilé tí àwọn bá kọ́ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní yíjú wò lẹ́ẹ̀mejì.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ayàwòrán-ilé ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yàwòrán fún àwọn tó ń kọ́lé tà, ohun tó dára jù nínú àwòrán mi ni wọ́n sì máa ń gé kúrò kí ilé tó parí. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì ti wá dá ilé-iṣẹ́ tiwa sílẹ̀. A rí ilẹ̀ kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Àwòrán tí mo yà gba fúláàtì mẹ́fà ní àjà mẹ́ta, méjì-méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó ní fèrèsé ńlá láàárín wọn. Iye tí onílẹ̀ ń béèrè ju èyí tí a fọkàn sí lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n há fúláàtì kẹta mọ́ àjà kọ̀ọ̀kan kí a lè rí owó ilẹ̀ náà san. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ìṣirò tí mo lè fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Ayàwòrán-ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oníṣòwò

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìdáwọ́lé. Ó jọ pé fúláàtì ni ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ń bá jà, nígbà tó jẹ́ pé owó ilẹ̀ ló ń da yín láàmú.

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn gbogbo ìṣirò ni owó ilẹ̀ máa ń wà. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí gbogbo fúláàtì náà lè mú wọlé lọ́jà òní, kì í ṣe lọ́jà ọdún tó ń bọ̀. Ẹ yọ owó ìkọ́lé kúrò níbẹ̀, ẹ yọ owó àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àti ti ìwé àṣẹ, ẹ yọ èlé báńkì, ẹ yọ owó ìpolówó àti títà, kí ẹ sì yọ èrè tiyín. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iye tí ilẹ̀ náà tó lọ́wọ́ yín, ohun yòówù tí onílẹ̀ ìbáà máa pè é. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní gbogbo owó tí yóò wọlé jẹ́ 100: ìkọ́lé gba 50, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àti ìwé àṣẹ gba 8, èlé gba 7, títà gba 3, ẹ sì fi 17 sílẹ̀ fún èrè. 15 péré ló kù fún ilẹ̀. Bí ẹ bá san 22 fún un, èrè yín ti di 10 kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ti èlé tó máa lé sí i, nítorí owó ilẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ yá, òun ló sì ń pẹ́ jù lọ́rùn ẹni. Ẹ wá jẹ́ kí owó títà fi ìdá 10 nínú 100 wálẹ̀, kí owó ìkọ́lé náà sì fi ìdá 10 nínú 100 gòkè, èyí tí kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín ìgbà tí a ra ilẹ̀ àti ìgbà tí a ta fúláàtì tó kẹ́yìn. 10 ti lọ níbẹ̀ yẹn, 5 ti lọ níbí. Ẹni tó san 15 fún ilẹ̀ ṣì jáde pẹ̀lú 2. Ẹni tó san 22 ti pàdánù 5. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́lé tà àti àwọn tó ń yá wọn lówó fi sábà máa ń wá èrè tó tó ìdá 15 sí 20 nínú 100 owó títà. Ààbò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbé fúláàtì kẹta náà sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ká ní àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 mítà onígun mẹ́rin. Nínú àwòrán tiyín, bí àtẹ̀gùn àti àwọn ògiri bá gba 30, ẹ óò rí 170 tà, ìyẹn ìdá 85 nínú 100. Tí fúláàtì bá di mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tí yóò dé ẹnu ọ̀nà kẹta. Bí òun àti àwọn ògiri tuntun bá gba 14 sí i, ohun tí ẹ lè tà ti di 156, ìdá 78 nínú 100. Kò sẹ́ni tó ń ra ọ̀dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin ni ẹ ó ra búlọ́ọ̀kù rẹ̀, táìsì rẹ̀ àti iná rẹ̀. Ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tún ni àyè tó máa ń gbówó jù nínú ilé tí a bá kà á ní mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ óò sì fi mẹ́ta kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mi ò ní tàn yín o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, fúláàtì kékeré máa ń mówó wọlé ju ńlá lọ lórí mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìṣirò àwọn ọ̀rẹ́ yín jáde dáadáa lórí ìwé. Ẹ bá wọn ṣe é, lójú gbogbo yín, kí ẹ má baà dà bí ẹni tó ń fi ẹwà bo àìmọ̀ṣirò mọ́lẹ̀. Ohun tí ìwé náà kò ní sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fúláàtì àárín yóò ti ní fèrèsé. Atẹ́gùn tó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹni tó bá wá wò ó ní ọ̀sán yóò ní kí wọ́n tan iná kí òun lè rí inú rẹ̀, òun náà ni yóò sì pẹ́ jù lórí àtẹ. Gbogbo oṣù tí fúláàtì bá fi wà láìtà, èlé ń jẹ nínú èrè yín.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló kan ohun tí wọ́n ti ń gé kúrò nínú àwòrán yín láti ọdún mọ́kànlá. Mo lè sọ ọ́ láìrí àwòrán kankan: òkúta ara ògiri ni, igi olówó iyebíye, ọwọ́ ilẹ̀kùn tó yàtọ̀. Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ilé ni a ń ká kúrò lára rẹ̀ nígbà tí owó bá ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹwà bá wà nínú ibi tí ògiri dúró sí, nínú fèrèsé méjì tó dojú kọra, nínú balùwẹ̀ tó dúró gẹ́lẹ́ lórí balùwẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àfi kí wọ́n tún ilé náà yà látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lè gé e. Balùwẹ̀ tó to léra wọn tilẹ̀ ń dín owó kù, nítorí páìpù kan yóò sin gbogbo wọn. Ẹ tún ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yín wò lójú yìí. Fèrèsé ńlá tó wà níbẹ̀ ń fún gbogbo ilé ní ìmọ́lẹ̀ láìgba iná, ó sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó wá rajà yóò rí tó bá ti wọlé.

Ní àdúgbò Brunswick nílùú Melbourne lórílẹ̀-èdè Australia, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní The Commons, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 2013. Ilé-iṣẹ́ Breathe Architecture ló yàwòrán rẹ̀, fúláàtì 24 ló sì ní. Wọn kò ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí kankan síbẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ló wà, ibi ìfọṣọ kan tó wà lórí òrùlé ni gbogbo ilé sì ń lò. Ohun tó ń gbówó láti kọ́ ni wọ́n yọ, wọn kò fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ tiyín náà kò jìnnà sí ojú irin. Kí ẹ tó ronú kan fúláàtì kẹta, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ bóyá òfin gbà yín láyè láti dín ibi ìgbọ́kọ̀sí kù.

Àwọn kan tilẹ̀ ti kojú ohun tó le ju tiyín lọ. Ní Iquique lórílẹ̀-èdè Chile, ilé-iṣẹ́ Elemental tí Alejandro Aravena ń darí ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tó parí lọ́dún 2004, ilé fún àwọn ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́. Àárín ìlú ni ilẹ̀ náà wà, ó wọ́n, owó ìrànwọ́ ìjọba tó sì wà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 7,500 dọ́là, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ra ilẹ̀ kí wọ́n sì fi kọ́lé. Wọn kò kó àwọn èèyàn náà lọ sẹ́yìn ìlú. Ìdajì ilé ni wọ́n kọ́, ìdajì tó ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́, ìyẹn ara ilé tó gbé e ró, àtẹ̀gùn, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, wọ́n sì fi àyè ìdajì kejì sílẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí. Mi ò ní kí ẹ máa ta ìdajì ilé. Ohun tí mo ní kí ẹ wò ni ibi tí wọ́n ti pinnu ohun tí owó kékeré yẹn gbọ́dọ̀ ṣe, àti pé inú àwòrán ni wọ́n ti pinnu rẹ̀.

Ní ti onílẹ̀, ẹ dábàá ọ̀nà méjì fún un. Èkíní, kí ó gba owó díẹ̀ láti fi dá ilẹ̀ dúró fún yín fún oṣù mẹ́fà, tí ẹ ó fi wá ìwé àṣẹ, tí ẹ ó sì fi yẹ ilẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó san ìyókù. Èkejì, kí ó gba fúláàtì kan gẹ́gẹ́ bí apá kan owó rẹ̀. Tó bá kọ méjèèjì, tó sì dúró lórí iye tó dà bíi 22 inú àpẹẹrẹ wa, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Agbaṣẹ́ṣe wa kọ̀wé pé fèrèsé tó wà nínú àwòrán ti wọ́n jù, pé òun fẹ́ fi irú mìíràn tó tóbi bákan náà rọ́pò rẹ̀. Ó ní kò sí ìyàtọ̀. Ọkọ mi, tí a jọ ni ilé-iṣẹ́ náà, ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ayàwòrán-ilé wa ń bínú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá ilé-iṣẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ìyá wa. Irú lẹ́tà yẹn ti dé ọwọ́ èmi náà rí. Fèrèsé tó ń ṣí síta bí ojú ìwé ni a yà sínú àwòrán. Agbaṣẹ́ṣe ní òun yóò fi èyí tí gíláàsì kan ń wọ́ lọ sẹ́yìn ìkejì sí i, pé ìwọ̀n kan náà ni. Lóòótọ́ ni, ìwọ̀n kan náà ni. Mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Ìgbà tí àwọn tó ra fúláàtì kó wọlé ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe: fèrèsé tó ń wọ́ kò lè ṣí ju ìdajì ara rẹ̀ lọ, nítorí gíláàsì kan yóò máa dí ìdajì kejì nígbà gbogbo. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gé ojú ihò atẹ́gùn gbogbo yàrá sí méjì.

Agbaṣẹ́ṣe náà kò parọ́ fún mi. Àwa ni a kò kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀. Gíga àti fífẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé wa, pẹ̀lú gbólóhùn burúkú nì tó ní kí ó lo èyí tàbí irú rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni mo máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ pé kí fèrèsé ṣí tán pátápátá, kí òjò tó ń fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ má lè wọlé, kí èèyàn lè nu ìta rẹ̀ láti inú yàrá. Ẹni tó bá rí èyí tó dínwó tó sì lè ṣe gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba àpẹẹrẹ fèrèsé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sójú ògiri fúláàtì kan, kí ẹ̀yin, ọkọ yín àti ayàwòrán-ilé jọ dúró níwájú rẹ̀. Tí owó bá ti ku díẹ̀ lóòótọ́, kí ayàwòrán-ilé fúnra rẹ̀ kọ ohun tí a lè yọ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, láti orí èyí tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ẹ óò rí i pé ìbínú rẹ̀ yóò rọlẹ̀ tí yíyàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé àdéhùn yín. Ó wọ́pọ̀ pé kí á máa dá nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 dúró nínú gbogbo owó tí à ń san fún agbaṣẹ́ṣe, kí á fún un ní ìdajì rẹ̀ nígbà tí ilé bá parí, kí ìdajì kejì sì dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan tí yóò fi tún àléébù ṣe. Bí ìwé tiyín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ fi sí iṣẹ́ tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ

A ti ta méjì nínú fúláàtì márùn-ún tí a kọ́. Ilẹ̀ kejì ti yọ, ó sì dára gan-an. Ṣé kí á rà á?

Àwa méjì

ÌDÁHÙN

Rárá, kò tíì tó àkókò. Owó fúláàtì àkọ́kọ́ àti èkejì máa ń lọ sọ́dọ̀ báńkì lọ́pọ̀ ìgbà. Inú àwọn tó kẹ́yìn ni èrè yín máa ń wà, ẹ kò sì tíì tà wọ́n. Ó tún kù kí àwọn méjì tó ti ra tiwọn gbé ibẹ̀ fún àsìkò kan, kí ẹ kàn sí wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ilẹ̀kùn wo ló ń kọlu èkejì, yàrá wo ni wọn kì í jókòó sí. Ẹ óò fẹ́ fi èsì wọn yà ilé tó kàn. Bí onílẹ̀ bá lè dúró, ẹ bá a kọ ìwé sí i títí ẹ ó fi ta ẹ̀kẹrin. Bí kò bá lè dúró, kí ó tà á fún ẹlòmíràn.