Má tíì tú díìṣì ìyá rẹ: ohun tí ojú mi rí ní Ìsánlú

Okun o, àbúrò mi. Mo ka ìbéèrè rẹ pé o fẹ́ tú díìṣì orí òrùlé ìyá rẹ ní Kàbà, kí o ta dikódà rẹ̀, kí o sì fi owó náà kún owó tẹlifíṣọ̀n ńlá tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Àbújá ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti ń kú lọ. Èmi náà gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní ọdún 2023, ní Ìsánlú níbí.

Mo ta dikódà àti díìṣì, mo sì ju àńtẹ́nà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn adìyẹ ti sọ ọ́ di ibùsùn. Bí a ṣe ń so tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ fóònù kò le, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí yóò bá ọ ṣe é. Mo ra dátà gígábáìtì 40, mo rò pé yóò tó wa fún oṣù kan. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara lè jẹ gígábáìtì 3 ní wákàtí kan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì; bí fíìmù kan ti ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sùn lọ níwájú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, dátà ti tán. Bàbá mi, tí ó ti ń wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó gbọ́njú, jókòó síwájú gíláàsì dúdú náà, ó wò mí, ó ní: “Ṣé tẹlifíṣọ̀n yìí máa ń jẹun ni?”

Mo tún dátà rà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ tí ń gbé máàsì wa ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni a kò fi rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan. Kí n tó lè fẹjọ́ sùn pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, mo ní láti gun àpáta lọ wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹni tí ó dá mi lóhùn ní kí n pa fóònù mi, kí n tún un tàn. Lórí àpáta! Nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi dé, ọjọ́ dátà mi ti pé, wọ́n sì ti gba èyí tí n kò rí lò.

Ìgbà náà ni ìyàtọ̀ wọn yé mi. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dà bí akéde tí ń lu agogo láàárín ìlú: ìbáà jẹ́ ẹni kan ni ó gbọ́, ìbáà jẹ́ gbogbo ìlú, agogo kan náà ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń rán ìránṣẹ́ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ ni yóò sì san owó ìrìn àjò rẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Nielsen, tí ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ń wò, rí i pé wíwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba ìdá 44.8 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì ju ti àńtẹ́nà àti ti wáyà lápapọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìyá rẹ? Níbí, ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kan náà, ìjọba fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà lè fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí.

Àwọn aláṣẹ wọ̀nyí náà ni wọ́n ṣèlérí pé gbogbo tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà tí a ń fi àńtẹ́nà wò yóò ti kúrò ní ọ̀nà àtijọ́ di oní-díjítà kí ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 tó kọjá. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos, èmi sì ń dúró de tèmi títí di òní. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n, wo ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ DVB-T2 sí i, nítorí ọ̀nà yẹn ni Nàìjíríà yàn fún tẹlifíṣọ̀n oní-díjítà tí a ń fi àńtẹ́nà gbà. Sá fún àwọn tí ń ta àpótí tí wọ́n ní yóò máa gbé gbogbo ìkànnì àgbáyé wá lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù méjì ni tèmi lò. Má sì ṣe so tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ iná ìjọba láìsí ohun tí ń dáàbò bò ó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè rẹ. Ra tẹlifíṣọ̀n náà bí agbára rẹ bá ká a, ṣùgbọ́n fi díìṣì sílẹ̀, bí òjò ńlá tilẹ̀ máa ń dá a dúró nígbà mìíràn. Kí o sì kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ẹni tí yóò máa ra dátà fún ìyá rẹ lóṣooṣù nígbà tí o bá padà sí Àbújá. Ní tèmi, mo gba àńtẹ́nà padà lọ́wọ́ àwọn adìyẹ, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí ọ̀pá gíga. Àwòrán rẹ̀ ń ṣe wínniwínni díẹ̀, ṣùgbọ́n bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, àwọn ọmọ a gbé rìmóòtù fún bàbá mi.