Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Ọ: Ṣé torí pé wọ́n jẹ́ aṣẹ́wó ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ lórí rédíò nípa ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Samuel Little, wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé òun pa èèyàn 93. Ohun tí ò yé mi ni pé Amẹ́ríkà tí ọlọ́pàá wọn mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, báwo lèèyàn á ṣe máa pa obìnrin kiri láti 1970 títí di 2005 tọ́wọ́ ò ní tẹ̀ ẹ́? Àbí ó ń lo oògùn ni?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Kò lo oògùn kankan o. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an nìyẹn.

Ní 1982 wọ́n mú un ní Pascagoula, ìpínlẹ̀ Mississippi, torí obìnrin ọmọ ọdún 22 kan tí wọ́n pa, àwọn jùrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, tó yẹ kó ní kí wọ́n gbé e lọ kóòtù kọ̀, wọn ò fi ẹ̀sùn kàn án. Wọ́n tún gbé e lọ Florida torí obìnrin míì, ní January 1984 kóòtù ní kò jẹ̀bi, kó máa lọ. October ọdún yẹn náà, ọlọ́pàá San Diego ká a mọ́ inú mọ́tò pẹ̀lú obìnrin kan tó ti lù bolẹ̀, tó ti fún lọ́rùn, obìnrin yẹn ti dákú lọ gbọnrangandan lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ yẹn náà ló ti ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú! Kí lẹ rò pé wọ́n ṣe fún un? Bí ọdún méjì ààbọ̀ péré ló lò lẹ́wọ̀n. Ó jáde ní 1987, ó kọrí sí Los Angeles, kò tiẹ̀ pé ọdún kan tó tún fi pààyàn.

Ẹ wá wo irú àwọn tó ń pa. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, tálákà, àwọn mìíràn ń ṣe aṣẹ́wó, oògùn olóró ti ba tàwọn mìíràn jẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣà wọ́n ni, torí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa bi òun. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láàyè, àmọ́ tí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń dúró létí títì lóru bá wá sọ pé ọkùnrin kan fẹ́ pa òun, ta ló fẹ́ gbọ́? Ó di 2014 kí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tó dúró níwájú jùrì ní Los Angeles tí wọ́n sì gbà wọ́n gbọ́. Lóòótọ́, ọ̀nà tó ń gbà pààyàn náà ń dá kún un, ọ̀jẹ̀ abẹ̀ṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń gbé wọn dákú kó tó fún wọn lọ́rùn, kò sójú ọta, kò sójú ọ̀bẹ, ni wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn ló mu jù, tàbí pé jàǹbá ni. Àmọ́ ká ní ìyàwó olówó kan ni wọ́n bá lẹ́bàá ọ̀nà bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé wọ́n á yára kọ “oògùn ló mu jù.”

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ ká máa sọ mọ́, pé kò sẹ́ni tó ń wá àwọn obìnrin yẹn. Irọ́ ni o. Wọ́n ní ìyá, wọ́n ní ọmọ, fáìlì wọn ni ò sẹ́ni tó ṣí.

2012 ni wọ́n wá rí i mú ní ilé àwọn aláìnílé kan ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, torí ẹ̀sùn oògùn olóró, ni DNA ẹ̀ bá bá tara àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n pa ní Los Angeles láàárín 1987 sí 1989 mu. Ẹ̀wọ̀n gbére mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Ní 2018, James Holland tó jẹ́ Texas Ranger, ìyẹn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Texas tó ń ṣèwádìí, jókòó tì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ya àwòrán ojú wọn, irun wọn, yẹtí wọn, ètè tí wọ́n kùn, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ni ò rántí. FBI, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé àwọn àwòrán yẹn síta káwọn ẹbí lè wò ó bóyá wọ́n á dá ọmọ wọn mọ̀. Nígbà tó fi máa di October 2019, wọ́n ti fìdí 50 múlẹ̀ nínú 93 yẹn. Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù December 2020, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ìyá wa, àwọn kan ò tíì ní orúkọ títí dòní.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi obìnrin kú níbí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọlọ́pàá ní oògùn ló mu jù, bẹ́ẹ̀ ìyá ẹ̀ rí àpá lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n ti pa fáìlì dé. Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?
Àbúrò yín, Houston

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á tu ìyá ẹ̀ nínú. Kò tíì parí. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í gbó ní Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àyẹ̀wò òkú ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ẹbí lè béèrè fún un, kẹ́ ẹ gbé e fún dókítà míì tó mọ̀ nípa òkú kó wo ohun tí wọ́n kọ nípa ọrùn yẹn. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá, kì í ṣe fóònù nìkan o, ẹ ní kí wọ́n má da ohunkóhun tí wọ́n gbà lára ẹ̀ nù, aṣọ ni o, èékánná ni o, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi kéèsì náà sínú ViCAP, ìwé FBI tí wọ́n fi ń wo irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Òfin kan wà tí Biden bu ọwọ́ lù ní August 2022 tó jẹ́ kí ẹbí lè ní kí wọ́n tún kéèsì yẹ̀ wò tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta, àmọ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ló kàn, kò kan ti ọlọ́pàá ìlú, kí ẹnikẹ́ni má gbowó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì dá a ṣe. Ní South Los Angeles láyé 1980s, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ò tiẹ̀ kìlọ̀ fún àdúgbò, Margaret Prescod kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń pín ìwé ìkìlọ̀ lójú títì, wọ́n ń lọ bá ọlọ́pàá jà. 2010 ni wọ́n tó mú Lonnie Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó ń pa wọ́n, 2016 ni jùrì ní ó jẹ̀bi ikú àwọn mẹ́wàá, inú kóòtù yẹn làwọn ẹbí jókòó sí lójoojúmọ́. Ẹ wá ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹ̀, ẹ wá akọ̀ròyìn àdúgbò, kẹ́ ẹ jọ lọ. Ìwé àyẹ̀wò òkú yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí.